Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlera: kí ni wọ́n ń wò lára ẹni?

Ọmọ Ìlaròó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnjiníà sọ́fítíwíà ni mí ní Yábàá, iṣẹ́ ìsanwó orí ẹ̀rọ ni mo sì ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe sọ́fítíwíà fún àwọn ilé-ìwòsàn aládàáni ní Èkó ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Káàdì aláìsàn, àbájáde àyẹ̀wò láàbù, oògùn tí dókítà kọ àti owó ìtọ́jú ni sọ́fítíwíà wọn ń bójú tó. Ẹni tó ń gba òṣìṣẹ́ fún wọn sọ fún mi pé ìpele mẹ́ta ló kù: n ó kọ kóòdù, n ó ṣàlàyé bí mo ṣe máa ṣètò sọ́fítíwíà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ó sì jókòó pẹ̀lú dókítà kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ti dókítà yìí ló yà mí lẹ́nu, nítorí n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnjiníà lọ bá ọ̀gá báńkì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Owó oṣù tí wọ́n dárúkọ kéré sí èyí tí mò ń gbà báyìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà wù mí. Kí ni wọ́n ń wò lára ẹni níbẹ̀ tí wọn kì í wò níbòmíràn, kí sì ni ó yẹ kí èmi náà bi wọ́n?

Àgbà Kóòdù

O ṣeun tí o béèrè, àbúrò. Mo wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ẹnjiníà lẹ́nu wò ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, n ó sì sọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Ìpele kóòdù kò ní ohun àjèjì kankan nínú. Ìpele ìṣètò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, àwọn tó sì mọ̀wé jù lọ kò yọ sílẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nọ́ọ̀sì kan wà ní wọ́ọ̀dù lóru. Ó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tán, ó tẹ̀ ẹ́ sórí tábúlẹ́ẹ̀tì pé òun ti fún un, ṣùgbọ́n iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú, kò sì mọ̀ bóyá àkọsílẹ̀ náà wọlé. Nígbà tí iná dé, ó tún un tẹ̀. Kí ni yóò wà nínú dátábéèsì? Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ ìsanwó bíi tìrẹ yóò tètè dáhùn pé kí tábúlẹ́ẹ̀tì fún àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ kí ó tó fi ránṣẹ́, kí sáfà, ẹ̀rọ àárín tó ń gba gbogbo àkọsílẹ̀ jọ, lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ìdáhùn yẹn dára, ṣùgbọ́n n kì í dúró níbẹ̀. Ká ní nọ́ọ̀sì mìíràn ló gba iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀, tó ṣí tábúlẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, tí kò rí àkọsílẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn rárá nítorí pé tábúlẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kò tíì bá sáfà sọ̀rọ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kò wúlò níbẹ̀ mọ́, nítorí abẹ́rẹ́ kejì gidi ló fẹ́ wọ ara aláìsàn. Ẹni tí mò ń wá ni ẹni tó máa sọ pé ojú tábúlẹ́ẹ̀tì kejì gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba pé ẹ̀rọ kan wà ní wọ́ọ̀dù yìí tí a kò tíì gbúròó rẹ̀ láti aago mẹ́ta òru, kí nọ́ọ̀sì má baà ka àyè tó ṣófo sí "a kò tíì fún un."

Ohun kejì ni pé a kì í pa àkọsílẹ̀ rẹ́. Bí dókítà bá kọ nǹkan tí kò tọ́, àtúnṣe rẹ̀ yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tuntun, ti àtijọ́ yóò sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti àsìkò tó kọ ọ́, nítorí ẹnì kan lè ti fún aláìsàn ní oògùn lórí ìpìlẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo tún máa ń wò ó bí ènìyàn ṣe máa yanjú ọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá mú nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá lẹ́yìn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà. Ẹni tó bá kàn ní kí èyí tó dé kẹ́yìn borí, tó sì jẹ́ pé àkọsílẹ̀ oògùn tí ara aláìsàn kò gbà ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí, ti sọ fún mi pé kò tíì ronú kan ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Olùṣirò Ẹ̀pẹ́

Ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ó jọ pé a ń gbé ọ̀rọ̀ yìí ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé-iṣẹ́ ìlera ti pè mí rí, àdììtú orí kọ̀ǹpútà kan náà tí gbogbo ayé ń béèrè ni wọ́n bi mí, kò sì sí ẹni tó dárúkọ aláìsàn títí mo fi jáde. Iṣẹ́ ìsanwó náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ há sáàárín báńkì méjì kò ní sọ pé eré ni. Ohun tó yàtọ̀ gan-an ni owó oṣù. Ilé-iṣẹ́ ìsanwó ń yọ díẹ̀ nínú gbogbo owó tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́wàá ní Agége kò lè san iye tí yóò bọ́ ẹnjiníà bẹ́ẹ̀. Kí ẹni tó béèrè mọ ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ dáadáa kó tó fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tẹ́lẹ̀

Olùṣirò, mo gba ti owó oṣù, n kò sì ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó bọ́ sí àkáǹtì ẹlòmíràn ṣeé dá padà. Ínsúlínì tó ti wọ ara kò ṣeé fà jáde. Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé-ìwòsàn ìjọba, iṣẹ́ mi báyìí sì ni láti máa ṣàlàyé ohun tí wọ́ọ̀dù nílò fún àwọn ẹnjiníà. Nítorí náà, èmi àti dókítà wa la jọ máa ń jókòó ní ìpele tó ń ba Ọmọ Ìlaròó lẹ́rù yẹn.

A kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè ìṣègùn níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí a ń wò ni bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí kì í ṣe ẹnjiníà. A ó mú iṣẹ́ kékeré kan kalẹ̀, bíi kí a fi ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pamọ́ kí á sì fi hàn dókítà bó ṣe ń lọ sókè tàbí sódò. Púpọ̀ nínú wọn yóò sáré kọ ọ́ pé nọ́ńbà ni, ó parí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè pé "ìwọ̀n wo ni ẹ fi ń kà á?" ti mú wa rẹ́rìn-ín. Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹ̀rọ kan lè fi mg/dL kà á, láàbù kejì òpópónà sì ń fi mmol/L kà á, ọ̀kan nínú ti ìkejì sì tó 18 nínú ti àkọ́kọ́. Ẹni tí kò tíì jẹun láàárọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kà 126 níhìn-ín ni yóò kà 7.0 lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ sì ni ibẹ̀ gan-an ni dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àtọ̀gbẹ. Bí nọ́ńbà 6 bá wà nínú àkọsílẹ̀ láìsí ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara ẹni yẹn le koko ni tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kóòdù kò sì ní mọ ọ̀kan nínú méjèèjì.

Dókítà wa tún ní ìbéèrè kan nípa ìkìlọ̀. Yóò ní: "Bí mo bá fẹ́ kọ oògùn méjì tó lè bá ara wọn jà, kí ni kí ẹ̀rọ ṣe?" Àwọn ẹnjiníà a fẹ́ràn láti dáhùn pé kí àpótí ìkìlọ̀ pupa yọ, kí ó sì dènà rẹ̀. Yóò wá bi wọ́n pé ìgbà mélòó ni àpótí yẹn yóò yọ lóòjọ́. Nígbà tí ìkìlọ̀ bá ń yọ lórí gbogbo oògùn, títí kan èyí tí ewu rẹ̀ kò ju inú rírun díẹ̀ lọ, dókítà tó ti rí ogójì aláìsàn yóò máa tẹ "ó dára" láìkà á, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ èyí tó lè pa ènìyàn náà. Ẹni tó bá lè bá dókítà jíròrò lórí èyí tó yẹ kó dá iṣẹ́ dúró àti èyí tó yẹ kó kàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì ṣe bí ẹni pé ó ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, ni a máa ń fẹ́ gbà.

Ará Leeds

Ẹ kú ìjíròrò o. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, lórí sọ́fítíwíà tí àwọn dókítà NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń lò, mo sì rí i pé ohun tí àǹtí nọ́ọ̀sì sọ ni wọ́n ti kọ sínú ìlànà níbí. Ìlànà DCB0129 wà fún ẹni tó ń ṣe sọ́fítíwíà, DCB0160 sì wà fún ilé-ìwòsàn tó fẹ́ lò ó. Lábẹ́ méjèèjì, ó gbọ́dọ̀ ní oníṣègùn kan tó ní ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ Clinical Safety Officer, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí a ń kọ gbogbo ewu tí sọ́fítíwíà náà lè fà sí, bí ewu náà ti tó àti ohun tí a ṣe sí i. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n lè fi ohun kan tí ẹ fẹ́ kọ hàn yín kí wọ́n ní kí ẹ dárúkọ ewu rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí ewu ni wọn kì í pè padà.

Bí wọ́n bá bi yín ní ìdí tí gbogbo èyí fi pọndandan, Therac-25 ni kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni, ilé-iṣẹ́ AECL ti Kánádà ló ṣe é. Láàárín 1985 sí 1987, ìjàǹbá mẹ́fà tí a mọ̀ ló ṣẹlẹ̀, níbi tí ìtànṣán tó pọ̀ kọjá àlà ti bọ́ sára aláìsàn, àwọn kan sì kú. Ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà tí wọ́n fi irin ṣe. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ti tuntun, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lé kóòdù lọ́wọ́. Nígbà tí òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ dáadáa bá yára tún ohun tó tẹ̀ ṣe, apá méjì nínú kóòdù náà kì í bára mu mọ́. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ìtàn yẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà ń kọ síwájú òṣìṣẹ́ kò ju "Malfunction 54" lọ, ó sì fún un láyè láti tẹ bọ́tìnnì kan kí iṣẹ́ máa bá a lọ. Ẹnjiníà ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ tún múra sílẹ̀ fún ìbéèrè nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí sọ́fítíwíà kò bá sí rárá. Ní oṣù kẹfà 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ẹ̀rọ Synnovis pa, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ní gúúsù-ìlà-oòrùn London, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Àwọn ilé-ìwòsàn kò lè tètè mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó bá aláìsàn mu mọ́, wọ́n sì ní láti bẹ àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ O pé kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Ìpàdé aláìsàn tó ju 10,000 lọ ni wọ́n sún síwájú. Láti ìgbà yẹn, kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí mo bá wọn jókòó sí tí wọn kò ti béèrè pé: "Bí èyí bá kú fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ni wọ́ọ̀dù máa fi ṣiṣẹ́?"

Ọmọ Ìlaròó

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Wọ́n ti fi iṣẹ́ kóòdù náà ránṣẹ́. Àkójọ orúkọ aláìsàn láti ilé-ìwòsàn méjì tó fẹ́ dà pọ̀ ni. Ayédèrú orúkọ ni wọ́n ní gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní kí n wá àwọn tó jẹ́ ènìyàn kan náà nínú méjèèjì, kí n sì ṣàlàyé ọ̀nà tí mo gbà. Mo rò pé orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì á tó. Àbí kò tó?

Àgbà Kóòdù

Kò tó, àbúrò, ilẹ̀ Yorùbá sì ni ibi tí kò ti tó jù lọ. Rò ó wò: orúkọ ìdílé kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, ilé kan náà, fóònù ìyá kan náà, tí ọ̀kan ń jẹ́ Táíwò, tí èkejì ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Ìwádìí tí dókítà Nylander ṣe fi ìbejì ẹkùn wa sí nǹkan bí 45 nínú ìbímọ 1,000, ènìyàn Ìgbó-Ọrà kò sì nílò ìwádìí kí ó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kóòdù tí wọ́n kọ fún ìlú tí ìbejì kò pọ̀ sí yóò da àwọn méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú ìdánilójú, oògùn tí ara Táíwò kò gbà yóò sì pòórá sínú fáìlì ẹni kan tí kò sí.

Wo ọjọ́ ìbí náà dáadáa pẹ̀lú. Bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bá jẹ́ ọmọ 1 January, akọ̀wé ló fi í síbẹ̀ nítorí pé bàbá kò mọ ọjọ́ tí a bí i. Má ṣe ka ìbáramu ọjọ́ yẹn sí ẹ̀rí. Orúkọ náà ní ìdẹkùn tirẹ̀. Ẹ̀rọ kan lè kọ "Bọ́lá" pẹ̀lú ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn á kọ́kọ́ fi àmì ohùn lé o, kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀ kún un. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú dátábéèsì, orúkọ méjì ni, àfi bí o bá kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ di ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn, tún fi wọ́n wéra láìsí àmì kankan, nítorí "Bola" lásán ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé ń tẹ̀, Táíwò kan náà sì lè jẹ́ Taiye ní ilé-ìwòsàn kejì.

Ohun tí wọ́n máa fi dá ọ mọ̀ yàtọ̀ ni bí o bá mọ̀ pé àṣìṣe méjèèjì kò tó ara wọn. Bí o bá kùnà láti so fáìlì ènìyàn kan pọ̀, dókítà yóò tún àyẹ̀wò ṣe, inú á bí aláìsàn. Bí o bá so fáìlì ènìyàn méjì pọ̀, ẹnì kan lè gba ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, jẹ́ kí kóòdù so àwọn tó dá a lójú gidigidi pọ̀, kí ó fi àwọn tó wà láàárín sílẹ̀ fún ènìyàn láti wò, kí ó sì ṣeé ṣe láti tú ohunkóhun tí a ti so. Kọ ìdí yẹn sínú àlàyé rẹ kí ó hàn kedere. Èmi a máa ka àlàyé kí n tó ṣí kóòdù rárá.

Olùṣirò Ẹ̀pẹ́

Ó dára, mo gbà pé ti ìbejì yẹn kì í ṣe ìbéèrè báńkì. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí èmi á béèrè lọ́wọ́ *wọn*, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan apá yẹn, èmi ni mo sì fọwọ́ kàn án: ta ló ń san owó? Ilé-ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni, àbí HMO (ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera), àbí àjọ aláàánú láti òkèèrè, àbí àwọn olùdókòwò nìkan? 54gene, ilé-iṣẹ́ ìwádìí àbùdá ara ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2019, ó rí owó tó tó mílíọ̀nù 45 dọ́là gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, ó sì ti ilẹ̀kùn ní 2023. Ní ọdún kan náà ni Babylon wó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó ń fi fóònù so aláìsàn mọ́ dókítà, tí wọ́n ti dá iye rẹ̀ lé bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ó lé díẹ̀ nígbà tó wọ ọjà ìpín New York ní 2021. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìíní 2025, ìṣòro dé bá àwọn tó ń jẹun lára iṣẹ́ kòkòrò HIV ní Nàìjíríà láìsí ìkìlọ̀. Mo mọ ẹnjiníà tó lè kọ kóòdù àlùjọnnú tí kò béèrè ìbéèrè kan yìí. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù lọ nínú àwọn tó bá jókòó síwájú yín, kí ẹ sì wò ó bóyá ojú rẹ̀ máa yí.

Nọ́ọ̀sì Tẹ́lẹ̀

Ìbéèrè tó dára ni ẹ béèrè yẹn, Olùṣirò. Ẹ fi méjì kún un. Àkọ́kọ́: oníṣègùn tó wà lọ́dọ̀ yín, ṣé ó lè dá sọ́fítíwíà dúró kó má jáde, àbí ìmọ̀ràn lásán ló ń fúnni? Èkejì: dátà aláìsàn gidi ni ẹ fi ń dán kóòdù wò lórí kọ̀ǹpútà àgbéká àwọn ẹnjiníà? Òfin ààbò dátà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn mọ́ dátà tó gba ìṣọ́ra jù lọ, ó sì fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó ìgbìmọ̀ ààbò dátà létí bí dátà tó lè pa ènìyàn lára bá jò. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín sí ìbéèrè kejì yìí, ẹ máa bá iṣẹ́ ìsanwó yín lọ ní ìrọ̀rùn.

Ọmọ Ìlaròó

Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè kan ló kù. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìpele ìṣètò, n kò sì tíì fọwọ́ kan sọ́fítíwíà ìlera rí. Kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi dán wò kí ọjọ́ náà tó pé?

Ará Leeds

Ẹ wá Synthea, tí ilé-iṣẹ́ MITRE ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Yóò dá aláìsàn ayédèrú sílẹ̀ fún yín pẹ̀lú àìsàn, oògùn àti àyẹ̀wò láti ọjọ́ ìbí wọn. Ará Massachusetts ni gbogbo wọn bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ pààrọ̀ orúkọ àti ìlú, kí ẹ sì fi ìbejì díẹ̀ sí i. Ẹ kó wọn sórí sáfà HAPI FHIR tí gbogbo ènìyàn lè lò láti dánra wò (FHIR ni ìlànà tí àwọn sọ́fítíwíà ìlera fi ń pààrọ̀ dátà), kí ẹ rí bí Patient (aláìsàn), Observation (àbájáde àyẹ̀wò) àti MedicationRequest (oògùn tí dókítà kọ) ṣe ń so mọ́ ara wọn, àti ibi tí ìwọ̀n tí àǹtí sọ yẹn ń jókòó sí nínú Observation. Ẹ má fi orúkọ ènìyàn gidi kan ṣoṣo síbẹ̀ o. Gbogbo ayé ló lè kà á. Bí àyè bá tún wà, ẹ ṣí OpenMRS, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún àkọsílẹ̀ aláìsàn, tó ti wà láti 2004, tí Nàìjíríà sì fi kọ́ NMRS, sọ́fítíwíà àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó ń lò fún àwọn tó ń gbàtọ́jú HIV. Ẹ ka bí ó ṣe ń fagi lé àkọsílẹ̀ láìpa á rẹ́. Àgbà Kóòdù ti sọ ìdí rẹ̀ lókè.

Àgbà Kóòdù

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àfi pé bí àyè kò bá gba méjèèjì, fi OpenMRS sílẹ̀. Dípò rẹ̀, lọ sí ilé-ìwòsàn kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí o jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró, kí o máa wo ẹni tó ń gbé káàdì láti yàrá káàdì lọ sọ́dọ̀ dókítà, ibi tí ó ń dúró sí, àti ohun tí nọ́ọ̀sì ń kọ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ kò yá. Dókítà tó máa jókòó síwájú rẹ yóò bi ọ́ bóyá o ti dé irú ibẹ̀ rí.